Bàtà Tuntun Tó Le, Tó Ń Gbé Ẹsẹ̀ Ró: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Wọ̀ Ọ́ Tí Kò Fi Ní Bó Yín Lẹ́sẹ̀

Ẹ wọ sọ́ọ̀bù bàtà èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Balógun, kẹ́ ẹ sọ pé bàtà yìí fún mi díẹ̀, ẹni tó ń tà á máa dá yín lóhùn kíákíá pé "ẹ má dára yín láàmú, á dẹ̀". Òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó máa ń dẹ̀ lára bàtà ni awọ tó bo ẹsẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn tó bá jẹ́ awọ gidi. Gígùn bàtà kì í dẹ̀. Bàtà tí ọmọ ìka yín bá ti ń kan iwájú ẹ̀ nínú sọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ náà lá ṣe máa kàn án títí tẹ́ ẹ fi máa fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ.

Irú bàtà tí mò ń sọ ni èyí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ le, tó gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, tí ẹ̀yìn ẹ̀ sì di gìgísẹ̀ mú. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wọ̀ ọ́, àwọn tíṣà, sẹ̀kúríìtì, àwọn tó ń dáná ní ilé oúnjẹ, àtàwọn èèyàn wa tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ìlú ọba, gbogbo ẹni tó ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ṣá. Nígbà míì dọ́kítà ló máa ní kéèyàn lọ rà á torí gìgísẹ̀ tó máa ń dùn ún tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èèyàn á ná owó gọbọi, á wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì láti aago méje àárọ̀, kó tó di aago méjìlá ó ti ń wá sílípáàsì kiri, á wá ní bàtà yẹn ò dáa. Ó lè dáa o. Ó kàn jẹ́ pé bàtà báyìí kì í ṣe sílípáàsì, ìsàlẹ̀ ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rọ̀ rárá, torí líle yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ rà á, ẹsẹ̀ yín ló máa kọ́ bó ṣe máa rìn nínú ẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ sùúrù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bàtà yẹn bá yín mu

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun táwọn èèyàn ń pè ní "mi ò tíì wọ̀ ọ́ mọ́ ẹsẹ̀", sáìsì tí ò bára mu ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ ra bàtà. Ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti dúró tàbí tẹ́ ẹ ti jókòó sínú gósíló fún ìgbà pípẹ́, bàtà tó bá yín mu rẹ́gí láago mẹ́jọ àárọ̀ lè máa fún yín lọ́rùn nígbà tó bá di aago márùn-ún. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbé bébà sílẹ̀, ẹ dúró lé e, ẹ dúró o, ẹ má jókòó, torí ẹsẹ̀ máa ń gùn sí i tó sì máa ń fẹ̀ sí i téèyàn bá gbé gbogbo ara lé e, kẹ́nì kan wá bá yín fi pẹ́ńsù yí i po. Ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì gùn dọ́gba, èyí tó tóbi jù lẹ máa fi ra bàtà.

Tẹ́ ẹ bá dé sọ́ọ̀bù, tí ínsóòlù bàtà yẹn, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú ẹ̀, bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ gbé e lé orí bébà yín. Ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí kan àtààbọ̀ gùn ju ọmọ ìka tó gùn jù lọ, kò sì gbọdọ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan máa ń fi ìka kan ki ẹ̀yìn bàtà láti wọ̀n ọ́n, ìyẹn náà dáa, àmọ́ rí i pé ẹsẹ̀ ti lọ síwájú pátápátá kẹ́ ẹ tó ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ sì jẹ́ ká má gbára lé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ bàtà jù. Láti sáìsì UK kan sí èkejì jẹ́ bíi mìlímítà mẹ́jọ àtààbọ̀, ti àwọn ará Yúróòpù ò pé méje, torí ẹ̀ ni 42 àti UK 8 kì í ṣeé fi dípò ara wọn rẹ́gí, 42 ilé iṣẹ́ kan ò sì ní jọ ti ilé iṣẹ́ míì. Ẹni tó bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìwọn ẹsẹ̀ ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Nǹkan mẹ́ta míì wà tẹ́ ẹ máa dán wò lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn bàtà níbi tí gìgísẹ̀ máa wà, tó bá rọ̀ wẹ̀lẹ̀mù, bàtà yẹn ò lè di ẹsẹ̀ yín mú. Ẹ tẹ bàtà síwájú, ibi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀, tó bá jẹ́ àárín ló ti ṣẹ́ po, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ tún lọ́ ọ bí ẹní ń fún aṣọ, ó lè yí díẹ̀ àmọ́ kò gbọdọ̀ yí po. Àwọn tó fẹ́ràn bẹ́ńdáùn, mi ò bá yín jà o, èmi náà máa ń lọ wo ọjà níbẹ̀, àmọ́ bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró tẹ́nì kan ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni yẹn ló ti kọ́ ọ. Ẹ yí i síta kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ ju ìkejì lọ, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, irú ìrìn tí ẹni yẹn ń rìn ló máa fẹ́ kẹ́ ẹ máa rìn.

Ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀bù ní ìlú ọba máa ń gba bàtà padà tí abẹ́ ẹ̀ ò bá tíì dọ̀tí, torí náà orí kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri sọ́ọ̀bù, pé owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó pé tí kò bá bá yín mu kí wọ́n bá yín pààrọ̀ ẹ̀ sí sáìsì míì lọ́la, ọ̀pọ̀ wọn á gbà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́, wákàtí kan, nínú ilé. Sọ́kìsì tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀ sí i, kì í ṣe èyí tó nípọn jù ú lọ. Ẹ máa rìn nínú ẹ̀, ẹ fi gbálẹ̀, ẹ fi gun àtẹ̀gùn, ẹ fi dúró dáná. Kéèyàn wọ bàtà kó wá jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ò sí nínú ìṣirò. Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, ẹ bọ́ sọ́kìsì náà, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ yín dáadáa níbi tí iná wà. Ẹni tó dúdú lè má rí ibi tó pọ́n, torí náà ẹ fọwọ́ kàn án, ibi tó bá gbóná ju ibi tó kù lọ tàbí tó ń ta yín tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rà á, ibẹ̀ ni ìléròrò máa yọ sí tẹ́ ẹ bá fi ń tipátipá wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ó ti lọ, kò sí wàhálà. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ títí dalẹ́, ẹ wo apá ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe.

Ọjọ́ kejì ẹ sọ ọ́ di wákàtí méjì, ẹ máa fi wákàtí kan kún un lójoojúmọ́. Tó bá ti ń lọ sí ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, kẹ́ ẹ gbé bàtà àtijọ́ sínú báàgì, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ń sú ẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fún yín ní ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ bá fara dà á. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń wọ̀ ọ́ mọ́ ẹsẹ̀ tán pátápátá, ẹlòmíì ò ní lò tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti ń wọ sílípáàsì pẹlẹbẹ láti ọjọ́ tó pẹ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ máa gbọ́ ìrora díẹ̀ ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ní iṣan ẹ̀yìn ojúgun ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, bíi ti ẹni tó ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn tó ti pẹ́ tó ṣe é gbẹ̀yìn. Ìyẹn ò burú, ó máa lọ. Èyí tó burú ni ìrora tó mú bí abẹ́rẹ́, tàbí kí ọmọ ìka máa kú tipiri, tàbí kó máa ta yín jinjin bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, tàbí kí orúnkún àti ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn níbi tí kò ti dùn rí. Tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ bọ́ bàtà.

Àwọn tó ra ínsóòlù lọ́tọ̀, ẹ yọ èyí tó bá bàtà wá kúrò kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i. Mo ti rí àwọn tó to méjì léra wọn, ẹsẹ̀ á wá ga sókè nínú bàtà, gìgísẹ̀ á máa yọ, òkè ẹsẹ̀ á máa há, wọ́n á ní ínsóòlù ò dáa. Tó bá gùn jù, ẹ gbé ti àtijọ́ lé e lórí, ẹ fi wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ gé e láti iwájú nìkan. Ẹ má gé ẹ̀yìn ẹ̀, torí ibi tó gbé ẹsẹ̀ sókè máa kúrò ní àyè ẹ̀.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣe bàtà

Ẹ má tẹ ẹ̀yìn bàtà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń sọ bàtà di sílípáàsì tẹ́ ẹ bá fẹ́ sáré wọ mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Nǹkan líle kan wà nínú ẹ̀yìn bàtà yẹn tó ń di gìgísẹ̀ mú, tó bá ti ṣẹ́ kò ṣeé tún ṣe, gbogbo owó tẹ́ ẹ san lórí bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró ti lọ nìyẹn. Ẹ tú okùn dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi ìdí ṣíbí gígùn ti gìgísẹ̀ wọlé tí ẹ ò bá ní irin tí wọ́n fi ń wọ bàtà.

Omi gbígbóná, rárá. Kéèyàn yá bàtà nínú iná, rárá. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń rọ omi sínú nylon tí wọ́n ń ki bọ bàtà tí wọ́n ń gbé e sínú fíríìsà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Gọ́ọ̀mù ló so abẹ́ bàtà mọ́ ara ẹ̀, fóòmù ló sì wà láàárín, ooru àti omi ni ọ̀tá méjèèjì. Dráyà irun lè ran awọ gidi lọ́wọ́ tí ẹ bá fi ooru kékeré sí ojú kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tẹ́ ẹ wá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú sọ́kìsì tó nípọn títí tó fi máa tutù, ṣùgbọ́n ní tèmi, mo fẹ́ràn kéèyàn fi ìpara awọ pa ibi tó le, kó fi ọwọ́ máa rún un díẹ̀díẹ̀. Bàtà tí wọ́n fi rọ́bà tàbí awọ tí kì í ṣe gidi ṣe kì í dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí náà èyí tó bá fún yín nínú irú ẹ̀, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu.

Tó bá ń ṣe báyìí, ẹ ṣe báyìí

Gìgísẹ̀ ń yọ. Bàtà tuntun tí abẹ́ ẹ̀ le, gìgísẹ̀ lè máa gbéra díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ títí iwájú ẹ̀ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ lọ ra sáìsì tó kéré. Okùn lẹ kọ́kọ́ máa tún so. Ẹ wo ihò tó kẹ́yìn lókè pátápátá, èyí tó sún sẹ́yìn díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò. Tí okùn bá dé ihò tó ṣáájú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọdá, ẹ jẹ́ kí okùn apá ọ̀tún wọ ihò ìkẹyìn ní apá ọ̀tún náà, kẹ́ ẹ má fà á tán kó lè ṣẹ́ àyè kékeré kan kù, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti òsì. Ẹ wá mú orí okùn ọ̀tún kẹ́ ẹ ki í bọ àyè tó wà lápá òsì, kẹ́ ẹ ki ti òsì bọ ti ọ̀tún, ẹ fà á sísàlẹ̀ dáadáa, ẹ so ó. Ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á o, tí iwájú ẹsẹ̀ bá ti kan iwájú bàtà kẹ́ ẹ tó so okùn, òfo ni. Tó bá ṣì ń yọ lẹ́yìn ìyẹn, fóòmù kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bàtà wà lọ́jà, àwọn tó ń ran bàtà sì lè bá yín fi awọ gé e.

Ẹ̀yìn bàtà ń bó yín. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bó. Fasilín náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ní láti tún un fi pa. Sọ́kìsì òwú máa ń mu òógùn kó sì tutù, awọ ẹsẹ̀ tó tutù sì máa ń tètè bó, èyí tí wọ́n fi nylon tàbí irun àgùntàn pọ̀ mọ́ ọn dáa ju ti òwú lásán lọ. Tí ìléròrò bá ti yọ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ lu ú, tó bá bẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má já awọ òkè ẹ̀ kúrò, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ sì fi bàtà yẹn sílẹ̀ títí tó fi máa jinná.

Ẹ̀gbẹ́ ń fún, ọmọ ìka tó kéré jù ń há, tàbí eegun ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ń kan bàtà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ okùn láti ihò kejì, kẹ́ ẹ fo ti ìsàlẹ̀ pátápátá, iwájú á rí àyè fẹ̀. Tó bá jẹ́ awọ, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ẹ fi bírò fàlà sí ojú ibi tó ń ta yín gan-an, ó lè ki igi bọ̀ ọ́ kó fẹ ojú kan yẹn nìkan. Àwọn bàtà tó dáa máa ń ní ti ẹsẹ̀ fífẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á kọ W tàbí EE tàbí 2E sí i, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ kó béèrè fún un dípò kó máa ra èyí tó gùn ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ kó lè ráyè lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí tẹ́ ẹ bá ra èyí tó gùn jù, ibi tó gbé àárín ẹsẹ̀ sókè máa lọ síwájú ju ibi tó yẹ lọ, ibi tí bàtà ti ń tẹ̀ náà á kúrò lábẹ́ ibi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀.

Òkè ẹsẹ̀ ń dùn níbi tí okùn wà. Ẹ má jẹ́ kí okùn dábùú sórí ojú ibẹ̀, kí tọ̀tún tòsì gòkè tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sí ihò tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tún tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara wọn kọjá.

Àtàǹpàkò ń kan iwájú tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tàbí èékánná ti ń dúdú. Ẹ gé èékánná, ẹ so gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe wí. Tó bá ṣì ń kàn án, bàtà yẹn kúrú, ẹ fi dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ dúró níbẹ̀.

Ibi tó gbé àárín ẹsẹ̀ sókè ń gún yín. Ẹ dúró lé ínsóòlù níta bàtà kẹ́ ẹ wò ó, tí òkè ẹ̀ bá wà lábẹ́ kòtò ẹsẹ̀ yín, ẹ dín wákàtí kù kẹ́ ẹ máa bá a lọ, ẹsẹ̀ á gbà á. Tó bá jẹ́ pé iwájú kòtò yẹn tàbí ẹ̀yìn ẹ̀ ló wà, kò sí iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ tó máa fi sún.

Ẹsẹ̀ kan tóbi ju ìkejì. Ẹ ti ra ti èyí tó tóbi, àbí? Fún èyí tó kéré, ẹ fi ínsóòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kún abẹ́ ẹ̀ (ibí nìkan ni mo ti gbà kẹ́ ẹ to nǹkan léra), tàbí kẹ́ ẹ lẹ fóòmù mọ́ abẹ́ ahọ́n bàtà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ra bàtà school tó fi sáìsì méjì tóbi kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta, tẹ́ ẹ wá ń fi bébà ki iwájú ẹ̀, mo mọ bí owó ṣe rí, mi ò bínú sí yín, àmọ́ ọmọ yẹn á máa fi ọmọ ìka di bàtà mú kó má baà bọ́ ni. Sáìsì kan péré ni kẹ́ ẹ fi jù ú lọ, kó sì jẹ́ èyí tó lókùn.

Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látẹ̀yìn wá dúró lórí pé ẹsẹ̀ yín máa sọ fún yín tí nǹkan bá ń ṣe é. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára lè pa iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ nǹkan lára, bàtà á bó o, á sì di egbò, ẹni náà ò ní mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi máa jáde sára sọ́kìsì. Ẹ má fi "kò dùn mí" ṣe òṣùwọ̀n. Ìdajì wákàtí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wo òkè, abẹ́, àti àárín ọmọ ìka, ẹ gbé dígí sílẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá lè tẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ pe ọmọ kan nínú ilé kó bá yín wò ó. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà nígbà gbogbo kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, òkúta kékeré tàbí ìṣó tó ti abẹ́ wọlé lè wà níbẹ̀. Sọ́kìsì funfun dáa torí ẹ̀jẹ̀ tètè máa hàn lára ẹ̀. Egbò tó bá yọ, bó ṣe wù kó kéré tó, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má da àgbo sí i. Àwọn dọ́kítà tún lè júwe bàtà tí wọ́n ṣe fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí inú ẹ̀ jìn tí kò ní ojú rírán tó máa ha ẹsẹ̀.

Tí òjò bá pa bàtà, ẹ yọ ínsóòlù, ẹ ki bébà ìròyìn sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe inú oòrùn gangan. Tí agbára bá gbé e, bàtà méjì tẹ́ ẹ lè máa pààrọ̀ dáa ju ẹyọ kan tẹ́ ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ lọ, òógùn máa ráyè gbẹ nínú ẹ̀. Tó bá wá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tẹ́ ẹ ti ń wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ ti so okùn ẹ̀ lónírúurú, tó sì ṣì ń ta yín lójú kan náà, ẹ fọ abẹ́ ẹ̀ kó mọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sórí status yín ní WhatsApp, ẹni tí sáìsì ẹ̀ bá a mu á rà á lọ́wọ́ yín.